Ọjọ́ Tí Họnọ́rébù Gba Ojú Rẹ̀ Padà

Ká ní ìgbéraga máa ń mú ènìyàn sanra ni, gèètì ilé Họnọ́rébù Kọ́láolúwa Abórìṣàdé ní Okota ì bá ti kéré jù fún un tipẹ́. Ọkùnrin náà kì í ṣe gómìnà, kì í ṣe mínísítà. Súpáfáísọ̀ ètò àyíká ni, ní káńsù kan lápá Ìsọlọ̀ níbí, káńsù tí a kò ní dárúkọ nítorí a ṣì ń gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó rí i pé gọ́tà ń ṣàn, kí ọkọ̀ akólẹ̀ sì wá lásìkò. Ṣùgbọ́n ẹ wá wò ó bó bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú jíìpù lówùúrọ̀. Ẹnì kan á ṣílẹ̀kùn, ẹnì kan á gba báàgì, ẹnì kan á máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ ìnujú, ẹni tó kù ò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa pàtẹ́wọ́.

Alameen ni olórí àwọn alápàtẹ́wọ́ yìí. Akọ̀wé Họnọ́rébù ni, ọmọkùnrin tó kàwé dé Yunifásítì, tó wá fi gbogbo ìwé náà ṣe oríkì fún ọ̀gá. Bí Họnọ́rébù bá sín, Alameen á ní afẹ́fẹ́ ìlú ti mọ́. Bí Họnọ́rébù bá yán, Alameen á sọ fún àwọn àlejò pé ààwẹ̀ àti àìsùn nítorí ìlú ló fà á, nígbà tó jẹ́ pé iyán àárọ̀ ló ń da ọkùnrin náà láàmú.

Nǹkan kan wà tí Họnọ́rébù fẹ́ràn ju iyán lọ, ojú ara rẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, àṣà gbogbo wa ni. Ẹni tó ń ṣe ìrántí ìyá rẹ̀ á tẹ àwòrán ìyá sára abọ́ ike, ẹni tó ń dúpẹ́ ọjọ́ ìbí á tẹ tirẹ̀ sára bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á pín in, àlejò á gbé e relé. Ṣùgbọ́n Họnọ́rébù kì í dúró de ọjọ́ ìbí. Ó pín agboòrùn nígbà òjò, ó pín abẹ̀bẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó pín ìrẹsì nínú ọ̀rá nígbà ọdún Kérésì, ó tún pín in nígbà Iléyá. Ó pín bọ́kẹ́ẹ̀tì fún àwọn opó, ó pín abọ́ fún àwọn tí ọkọ wọn ṣì wà láyé. Àwòrán kan náà ló wà lára gbogbo rẹ̀: Họnọ́rébù nínú agbádá funfun, eyín síta, gbogbo ìhunjọ ojú rẹ̀ ni wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà nà. Ọjà pọ́ńkí ló sì ń rà. Agboòrùn rẹ̀ máa ń yídìí padà nínú atẹ́gùn àkọ́kọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á sán kí oṣù tó parí. Ibi tí gbogbo rẹ̀ ń já sí ni gọ́tà.

Ní báyìí, ipò Alága káńsù ni ọkàn Họnọ́rébù ń fẹ́. Ìdìbò ti ń bọ̀, àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìsàlẹ̀ ló sì ń pinnu ẹni tí ẹgbẹ́ wọn máa fún ní tíkẹ́ẹ̀tì. Bàbá ti sọ fún un pé kó lọ ṣe nǹkan kan tí ojú ayé máa rí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Ọláyanjú tó jẹ́ súpáfáísọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ni òun máa gbé tíkẹ́ẹ̀tì fún. Láti ọjọ́ náà ni Họnọ́rébù ò ti róorun sùn mọ́. Ó ti rán agbádá tí yóò fi búra, ó ti ń kọ́ bí Alága ṣe ń rìn ní pálọ̀ rẹ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kò mọ ohun tí yóò tún fi ara rẹ̀ ṣe láyé.

Orí bá a ṣe é. Ó lọ sí ìpàdé kan ní Ìkẹjà, nítorí mít-páì tí wọ́n máa ń pín níbẹ̀, ló bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan láàárín oúnjẹ. Wọ́n ní ní ayé òde òní, ẹni tó bá ṣe ọjà gbọ́dọ̀ mọ bí òpin ọjà náà ṣe máa rí. Ẹni tó ṣe ìgò, ẹni tó ṣe ọ̀rá, ẹni tó ṣe bátìrì, nígbà tí aráàlú bá lò ó tán, òun ni kó ṣètò bí wọ́n á ṣe kó o, tí wọ́n á tún un ṣe, tàbí tí wọ́n á sọ ọ́ nù síbi tó yẹ. Ọ̀rọ̀ gidi ni o. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ náà nítorí ẹnu tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Kò pẹ́ tó fi pe gbogbo ìlú sí gbọ̀ngàn káńsù. Ó gba máíkù, ó wú ikọ́, Alameen pàtẹ́wọ́ fún ikọ́ náà.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," Họnọ́rébù ní, "ayé ti dọ̀tí kí wọ́n tó bí mi. Ọlọ́run wò ó, ó rí i pé ó dọ̀tí, ìdí nìyẹn tó fi bí mi sí Okota. Ẹ̀gbin ti gbọ́ orúkọ mi, ó ti ń wárìrì. Láti òní lọ, ẹni tó bá ṣe ike, kó wá kó ike rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ọ̀rá, kó wá kó ọ̀rá rẹ̀. Tí ẹ bá jí lọ́la tí ẹ rí i pé ilẹ̀ mọ́, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ oòrùn. Èmi ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Ìyà kò tíì jẹ ẹnikẹ́ni, ìdí tó fi dùn nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò kan wà lágbègbè wa nígbà náà, ilé-iṣẹ́ ńlá, tí ìgò ike rẹ̀ bo ojú odò kanáàlì débi pé adìẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Gbogbo wa rò pé ibẹ̀ ni òfin máa kọ́kọ́ yà sí. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ náà rò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yára gbé jẹnẹrétọ̀ tuntun wá kí Họnọ́rébù nílé. Nígbà tí ó gbọ́ bó ṣe ń dún jẹ́jẹ́, ó ronú jinlẹ̀, ó sì dájọ́. Ó ní ìgò tó bá ti léfòó lórí omi, omi ló ni ín. Alameen ní irú ọgbọ́n yìí ò tíì jáde láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Èkó dó.

Ẹni tí òfin wá rí mú ni Wàsílátù, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìyá Hassanat. Ará Ìwó ni, opó, ó ní ẹ̀rọ kan lẹ́yìn òpópónà Àgọ́ Palace tó fi ń rọ omi sínú ọ̀rá fún títà, òun àti àwọn ọmọbìnrin bíi mélòó kan tó ń bá a ṣiṣẹ́. Họnọ́rébù mú àwọn oníròyìn dání lọ síbẹ̀, ó ní wọ́n rí ọ̀rá omi rẹ̀ nínú gọ́tà, kí wọ́n ti ilé náà pa. Obìnrin náà kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi kọ́ ni mo ṣe ọ̀rá," ó ní. "Ilé-iṣẹ́ kan ló ṣe ike rẹ̀, ẹlòmíì ló tẹ orúkọ sí i ní Múṣin, omi ni mo rọ sínú rẹ̀. Nínú gbogbo wa, ta ni òfin ní kó kó o?"

Ẹ gbọ́, ìbéèrè ọlọ́pọlọ nìyẹn. Àwọn tó mọ̀wé gan-an ṣì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí di òní. Họnọ́rébù wo òkè, ó wo Alameen, Alameen ti ṣèèṣì pàtẹ́wọ́ kó tó rí i pé ọ̀gá ò tíì sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà àwọn oníròyìn ń wò wọ́n. Òógùn bo Họnọ́rébù, ó sì bẹ́ lu ọ̀rọ̀ bí ẹni bẹ́ lu odò.

"Òfin mi ò le rárá," ó ní. "Ẹni tí orúkọ rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ bá wà lára nǹkan, òun ló ni ín. Bó bá ti bàjẹ́, kí ẹni tó bá rí i gbé e padà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Akólẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kí olúwarẹ̀ máa bá a gbélé."

Ẹ ó béèrè ohun tí ojú ń wá níbẹ̀. Àwọn oníbúrẹ́dì Èjìgbò ló ní lọ́kàn, nítorí wọ́n máa ń tẹ àwòrán ọmọ wọn sára ọ̀rá búrẹ́dì, kò sì fẹ́ kí wọ́n rọ́nà sá. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá máa gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn. Họnọ́rébù gbẹ́ tirẹ̀ jìn, ó tún ní kí wọ́n tẹ òfin náà sórí pósítà kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri àdúgbò, pẹ̀lú àwòrán ara rẹ̀ gbàgàdà lókè. Ó wá dá ọjọ́ Sátidé kan fún Ọjọ́ Ìdápadà. Bàbá Ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ máa wá sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, á jẹun, á wo bí ìlú ṣe ń pa òfin mọ́, á sì kéde ẹni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Hassanat, wọ́n ní ó di ìgbà tó bá kó gbogbo ọ̀rá rẹ̀ kúrò ní gọ́tà kí wọ́n tó ṣí i. Obìnrin náà sunkún lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tó di àárọ̀, ó gbé ráàkì. Òun àti Hassanat ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wa gọ́tà láti ẹ̀gbẹ́ Àgọ́ Palace lọ sísàlẹ̀. Wọ́n rí ọ̀rá omi tiwọn lóòótọ́, wọ́n kó o jọ sápá kan. Ṣùgbọ́n bí ráàkì bá ti lọ sílẹ̀, ojú Họnọ́rébù ló ń gbé bọ̀. Họnọ́rébù lára ọ̀rá ìrẹsì. Họnọ́rébù lára abẹ̀bẹ̀. Họnọ́rébù lára agboòrùn tó ti di egungun, ẹrẹ̀ wà láàárín eyín rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kó ìyẹn náà jọ sápá kejì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òkìtì Ìyá Hassanat ò ju àpò díẹ̀ lọ, Mísbáù tó ń ra ike àlòkù l'Óṣòdì wá kó o lọ. Òkìtì Họnọ́rébù ti ga ju fẹ́ǹsì lọ.

Ìyá Hassanat dúró, ó wò ó, ó tún lọ ka pósítà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń sọ fún àwọn tó bá ń kọjá pé òfin ìlú ni, ó sì yẹ ká máa pa òfin mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ayálégbé, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé mọ́ṣáláṣí, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì Èjìgbò, àwọn yẹn ló sì fún un ní ọkọ̀ akẹ́rù.

Ọjọ́ Sátidé pé. Họnọ́rébù ti ta kánópì síwájú gèètì rẹ̀, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa dé etí gọ́tà. Morọ́lá ìyàwó rẹ̀, tíṣà ọmọ Àkúrẹ́ tí kì í pọ̀ lọ́rọ̀, ti se oúnjẹ fún odidi ìjọ. Alameen wà nídìí máíkù. Òkùnkùn òjò ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ lápá Ìsọlọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń wòkè?

Ojú ara rẹ̀ ni Họnọ́rébù kọ́kọ́ rí lókè àdúgbò. Ó ń bọ̀ lórí obìnrin kan, lára bọ́kẹ́ẹ̀tì. Òmíràn tún yọ lẹ́yìn rẹ̀, lára agboòrùn, òmíràn lára abọ́, òmíràn lára ọ̀rá. Ojú títì náà kún fún Họnọ́rébù. Kò tíì rí èrò tó tó báyìí rí láyé rẹ̀, gbogbo wọn ló sì gbé àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Alameen," ó ní, "ṣé o rí i? Mi ò tilẹ̀ pè wọ́n. Ìfẹ́ ló gbé wọn wá."

Alameen ké sínú máíkù pé ìfẹ́ ni. Họnọ́rébù gun àga, ó ń juwọ́ sápá ọ̀tún, ó ń juwọ́ sápá òsì, ó ń fi ẹnu kò wọ́n láti òkèèrè. Ìyá Hassanat ló ṣíwájú. Nígbà tó dé orí kápẹ́ẹ̀tì, ó kúnlẹ̀ bó ti yẹ, ó sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀.

"Ẹ kú Ọjọ́ Ìdápadà sà," ó ní. "Ẹrù yín rèé. Ó ti sán nídìí."

Àánú ṣe Họnọ́rébù. Ó rò pé òmíràn ló fẹ́ gbà. Ó sọ fún Alameen kó kọ orúkọ ìyá náà sílẹ̀, kí wọ́n fún un ní tuntun. Ibi tí Alameen ti ń wá bírò ni ẹni kejì ti sọ agboòrùn kalẹ̀, tó kí wọn, tó sì yà lọ. Ẹni tó tẹ̀ lé e da abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, abẹ̀bẹ̀ gbogbo ìjọ kan. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kó pósítà tí wọ́n ha kúrò lára ògiri wọn wá. Àwọn oníbúrẹ́dì fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọlé, wọ́n gbé ìdí ọkọ̀ sókè, gbogbo ohun tí gọ́tà bì sì dà sórí kápẹ́ẹ̀tì pupa. Kò sẹ́ni tó bú u. Gbogbo wọn ló kí i, àwọn àgbà ní ẹ kú ilé, àwọn ọ̀dọ́ dọ̀bálẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Nígbà tí òkìtì náà dé ìsàlẹ̀ àga tó dúró lé, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Họnọ́rébù. Ó béèrè ẹni tó rán wọn. Ìyá Hassanat na ọwọ́ sí pósítà tó wà lára gèètì Họnọ́rébù fúnra rẹ̀. Họnọ́rébù kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àfi bí ẹni pé ọ̀tá ló kọ ọ́.

Ó ní kí wọ́n yára pe ọkọ̀ akólẹ̀. Ọkọ̀ dé, dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ó wo òkìtì, ó ka pósítà, ó sì gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní nǹkan wọ̀nyí ti lẹ́ni tó ni wọ́n, òun sì ní ọmọ tí òun ń tọ́, òun ò lè rú òfin Họnọ́rébù níṣojú Họnọ́rébù. Ó juwọ́ sí wọn, ó lọ.

Òjò wá sọ̀kalẹ̀. Ẹ mọ òjò wa, kì í bẹ̀bẹ̀. Gọ́tà ò rọ́nà gbà nítorí ọ̀rá, omi gòkè, ó gbé òkìtì náà, ó sì ń pín in kiri abẹ́ kánópì bí Họnọ́rébù ṣe máa ń pín in fúnra rẹ̀. Àárín èyí ni jíìpù Bàbá Ìsàlẹ̀ yọ. Kò rọ́nà débi oúnjẹ. Táyà rẹ̀ gun bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gun agboòrùn, ó dúró. Họnọ́rébù wọ́ agbádá funfun nínú omi lọ bá a, ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ó ní àwọn ọ̀tá ni, Ọláyanjú ló rán wọn. Bàbá yí gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀.

"Kọ́lá," Bàbá ní, "mo ní kí o ṣe nǹkan tí ojú ayé máa rí. Ojú tìrẹ nìkan ni mo rí níbí."

Ó yí gíláàsì sókè. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ọláyanjú gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìyókù, nítorí ìṣubú ò gbọdọ̀ gùn ju ìgbéraga lọ. Kó tó di ọjọ́ Ajé, Alameen ti wà lọ́dọ̀ Ọláyanjú. Wọ́n ní nígbà tí Ọláyanjú wú ikọ́, Alameen ní ẹ̀kọ́ ti jinlẹ̀. Alága tó wà lórí ipò nígbà náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Họnọ́rébù. Ẹni tó bọ́ sípò rẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Àjíbíkẹ́, yẹ òfin náà wò dáadáa, ó ní òfin náà dára, ẹni tó ń lò ó ni kò dára. Ó ní kí wọ́n lọ kó ìgò orí kanáàlì dà síwájú ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n kó o, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ sì ti ra ọkọ̀ tó ń kó ìgò káàkiri báyìí. Wọ́n ṣí ilé Ìyá Hassanat, nítorí ó ti kó tirẹ̀. Wọ́n ní kí Kọ́láolúwa Abórìṣàdé náà kó tirẹ̀.

Kò rẹ́ni bá a kó o. Òórùn gọ́tà wọ pálọ̀, ó wọ yàrá. Morọ́lá di ẹrù rẹ̀, ó gba Àkúrẹ́ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó ní ọkọ kan ni òun fẹ́, òun ò lè máa sùn kí gbogbo ìyẹn máa wo òun láti ojú fèrèsé.

Níkẹyìn, ó ránṣẹ́ sí Mísbáù. Mísbáù tẹ ike náà wò, ó ní òun lè kó o, ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ ọ á gbà á, wọ́n á fi ṣe nǹkan míì. Àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú àwòrán. Ọ̀dà àwòrán máa ń ba ike jẹ́ tí wọ́n bá ń yọ́ ọ. Ẹ ha ojú yẹn kúrò ná, ó ní, kí ẹ tó pè mí.

Bí Họnọ́rébù ṣe gbé àpótí jókòó síwájú gèètì rẹ̀ nìyẹn o, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó fi aṣọ dí imú, agolo tìnà tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kànìnkànìn onírin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú ara rẹ̀ ń dùn ún. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti fìlà, á ha agbádá, á ha etí, tó bá wá kan ojú, á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀, á mú òmíràn. Nígbà tó ṣe, apá rẹ̀ kú, kò sì yàn mọ́. Ibi tí ọwọ́ bá ti bà ló ti ń ha.

Ibẹ̀ ni ìyá arúgbó kan bá a. Ìyá Ọpẹ́mipọ̀ ni, ọmọ rẹ̀ yá yàrá lójú ọ̀nà kejì, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wá láti Ìkìrun. Ó gbé abọ́ ike kan dání, abọ́ tí kò sán.

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," ìyá ní. "Wọ́n ní o máa ń bá wọn ha ojú yìí kúrò. Bá mi ha tèmi náà. Abọ́ náà dáa, mo fẹ́ máa fi po ẹ̀bà. Ojú ẹni yìí ni mi ò fẹ́, ó ń wò mí lẹ́nu tí mo bá ń jẹun."

Họnọ́rébù gba abọ́. Ó da tìnà sí i, ó ha fìlà, ó ha iwájú orí. Ìyá tẹjú mọ́ ọn.

"Ta tilẹ̀ ni í ṣe?"

Họnọ́rébù ha ojú, ó ha imú. Eyín nìkan ló ṣẹ́ kù lára abọ́ náà.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Màmá," ó ní, ó sì ha eyín náà kúrò.

Ó fi omi ṣan abọ́, ó nà án sí i. Inú ìyá dùn. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní Ọlọ́run á sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, á bá a gbé orúkọ rẹ̀ ga, gbogbo ayé á mọ ojú rẹ̀. Ó dúró kí ó ṣe àmín.

Họnọ́rébù mú bọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, ó ń ha á lọ.